KÍ LÓ ṢE? Ọ̀RỌ̀ LÓRÍ EJÒ TÍ Ó Ń BÁ WA GBÉLÉ



Ìbéèrè tí a fẹ́ yẹ̀ wò lóṣù yìí lè pa ẹlòmíràn lẹ́rìn-ín. Bí ejò bá wọ ilé, tí kò lóró, tí kò sì bu ẹnikẹ́ni jẹ, ṣé ó tọ́ kí a pa á? Ọ̀pọ̀ nínú wa yóò ti dáhùn kí ìbéèrè náà tó parí: "Ejò kẹ̀? Ẹ gbé igi fún mi!" Ejò kì í rí ẹni gbèjà rẹ̀ láàárín wa. Bí ọ̀rọ̀ kan bá ní ẹ̀tàn nínú, a ó ní ejò lọ́wọ́ nínú, bẹ́ẹ̀ ni ejò tí a ń wí kò ní ọwọ́ kankan tí yóò fi gbá nǹkan mú.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yìí ju ọ̀rọ̀ ejò lọ. Ohun tí ó wà nísàlẹ̀ rẹ̀ ni èyí: ẹ̀dá tí ó lè ṣe ibi, ṣùgbọ́n tí kò tíì ṣe é, ṣé ó ti jẹ̀bi? Bí a bá kọ́ ara wa láti dáhùn "bẹ́ẹ̀ ni" nípa ejò, kò ní pẹ́ tí a ó fi máa dáhùn bẹ́ẹ̀ nípa ènìyàn.

ILÉ WA NÍ AKỌKA

Ní Akọka tí a dàgbà sí, rírí ejò kì í ṣe ìròyìn. Ẹni tí ó bá mọ àgbègbè náà mọ bí ilẹ̀ rẹ̀ ti rí. Ọ̀sà Èkó wà lápá ìlà-oòrùn, irà àti igbó etí omi sì wà káàkiri. Ibẹ̀ ni ọgbà Yunifásítì Èkó, tí ìjọba dá sílẹ̀ ní 1962, fìdí kalẹ̀ sí. Bí ọdún ti ń gorí ọdún ni ilé ń pọ̀ sí i láti Ìwàyà títí dé Bàríga, tí àwọn ènìyàn ń fi iyanrìn dí irà, títí afárá Third Mainland tí wọ́n parí ní 1990 fi gba orí omi kọjá níwájú wa. Ibi tí a ń pè ní ilé wa, ilé ejò ni tẹ́lẹ̀. A kò lè fi gbogbo ẹnu sọ pé ejò ló wá bá wa. Àwa ni a lọ bá a.

Bí òjò oṣù kẹfà bá rọ̀ tí gọ́tà kún, ejò a máa wá ibi gbígbẹ, gẹ́gẹ́ bí àwa náà ti ń wá a. Nítorí náà bàbá wa fi òfin lélẹ̀, àwa ọmọ sì mọ̀ ọ́n bí ẹni mọ Fátíhà. Má ṣe rìn lóru láìtan tọ́ọ̀ṣì. Gbọn bàtà rẹ kí o tó wọ̀ ọ́. Má ti ọwọ́ bọ ihò tàbí abẹ́ igi ìdáná tí ojú rẹ kò tó. Má ṣe fi àjẹkù sílẹ̀ di ọjọ́ kejì, nítorí oúnjẹ ní í pe eku, eku ní í pe ejò.

Ejò kan wà tí ó jẹ́ ti ilé wa, bí a bá lè pè é bẹ́ẹ̀. Aláwọ̀ ilẹ̀ ni, kò nípọn ju àtàǹpàkò àgbàlagbà lọ, kò sì lóró. Irú rẹ̀ ni àwọn onímọ̀ nípa ẹranko ń pè ní ejò ilé, nítorí pé eku inú ilé ni oúnjẹ rẹ̀. Inú àjà lókè ilé ìdáná ni ó ń gbé. Lóru, a ó máa gbọ́ eré eku lórí síìlì, pà-pà-pà, lẹ́yìn náà kẹ́kẹ́ a pa. Ẹ̀gbọ́n wa obìnrin a ní, "Bàbá Ọdẹ ti dé." Orúkọ tí a sọ ọ́ nìyẹn, nítorí pé òru ni ó ń ṣiṣẹ́ bí ọdẹ àdúgbò, kò sì béèrè owó oṣù. Nígbà mìíràn a ó rí awọ tí ó bọ́ sílẹ̀ láàárín igi àjà, fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ lè fò lọ bí a bá mí sí i. Àwa ọmọ a máa nà án sí ara ògiri, a ó dúró tì í lọ́kọ̀ọ̀kan, láti mọ ẹni tí ó ti ga ju Bàbá Ọdẹ lọ lọ́dún náà.

Lọ́jọ́ kan, aládùúgbò wa kan rí ìrù rẹ̀ lára fèrèsé, ó gbé àdá dé. Ó ní, "Alhaji, ẹ jẹ́ kí n bá yín pa á."

Bàbá wa bi í pé, "Kí ló ṣe?"

Ó ní, "Ejò ni, sà!"

Bàbá wa ní, "Mo gbọ́ pé ejò ni. Kí ló ṣe?"

Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín, ó mi orí, ó gbé àdá rẹ̀ lọ. Láti ìgbà náà ni "Kí ló ṣe?" ti di ọ̀rọ̀ ilé wa. Bí ẹnì kan bá gbé ọwọ́ sókè láti lu àbúrò rẹ̀, ẹlòmíràn a kígbe láti yàrá kejì pé, "Kí ló ṣe?", ọwọ́ náà a sì dúró sójú òfuurufú títí ẹni náà yóò fi rí èsì.

Ṣùgbọ́n ìyá wa kò fi bẹ́ẹ̀ gbà. Ó ní ọmọ tí ń rá kòrò nílẹ̀ nígbà náà, ó sì wí fún bàbá wa pé, "Alhaji, ẹ̀yin ń béèrè ohun tí ejò ṣe. Èmi ń béèrè ohun tí ó lè ṣe." Àwa ọmọ wo bàbá wa, kò rí èsì sọ lójú ẹsẹ̀. Ohun tí àwọn méjèèjì fẹnu kò sí nígbẹ̀yìn ni pé kí àjà àti ẹ̀yìnkùlé jẹ́ ti ejò, kí yàrá àti ibi tí ọmọ ti ń rá jẹ́ tiwa. Bàbá wa fi sìmẹ́ńtì dí gbogbo ihò ara ògiri, ó kan nẹ́ẹ̀tì mọ́ fèrèsé, ó fi pákó dí abẹ́ ilẹ̀kùn. Ìyá wa ni ó ń yẹ̀ ẹ́ wò ní ìrọ̀lẹ́ ìrọ̀lẹ́, kò sì gbójú fo ọjọ́ kan.

Lọ́dún kan, sèbé dúdú, irú èyí tí ń tu oró sí ènìyàn lójú, ká jọ lẹ́bàá balùwẹ̀ ẹ̀yìnkùlé. Bàbá wa kò béèrè ohun tí ó ṣe lọ́jọ́ náà. Ó kó gbogbo wa wọlé, ó fi jígí rẹ̀ bo ojú, ó dúró lókèèrè, ó sì fún un láyè títí kí ó lọ. Kò lọ. Ó fi igi gígùn pa á lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Àwa ọmọ fẹ́ gbé òkú rẹ̀ kọ́ igi kí a fi jó yí àdúgbò ká, ó sì kọ̀ fún wa. Ó ní, "Nítorí yín ni mo ṣe pa á. N kò pa á fún eré." Ó gbẹ́ ilẹ̀, ó sin ín.

OHUN TÍ Ẹ̀SÌN WA SỌ

Àwọn kan rò pé ejò ni ọ̀tá àkọ́kọ́ tí ọmọ ènìyàn ní, wọ́n ní òun ni ó tan àwọn òbí wa nínú ọgbà. Ẹ ṣí Al-Kùránì alápọ̀n-ọ́nlé, kí ẹ ka ìtàn Ànábì Ádámọ̀ nínú Súrà Baqarah, Súrà Aʿrāf àti Súrà Tā-Hā. Ṣàítánì ni ẹ ó bá níbẹ̀. Ejò kò sí nínú ìtàn náà rárá. Nínú Súrà Nūr, níbi tí Ọlọ́hun ti sọ fún wa pé láti inú omi ni Òun ti dá gbogbo abẹ̀mí, àwọn tí ń fi ikùn wọ́ ni Ó kọ́kọ́ dárúkọ, kí Ó tó kan ẹlẹ́sẹ̀ méjì àti ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin.

Ìbẹ̀rù ejò kì í sì ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Nígbà tí ọ̀pá Ànábì Mūsā di ejò, ó yí padà ó sá, Ànábì ni, ó sì sá. Ọlọ́hun kò bá a wí pé ó jẹ́ ojo. Ó fi í lọ́kàn balẹ̀ ni.

Nígbà tí ó kan ọ̀rọ̀ pípa, àwọn hádíìsì tí Bukhari àti Muslim kó jọ kò fi wá sílẹ̀ nínú òkùnkùn. Àṣẹ wà láti pa ejò, nítorí a kà á mọ́ àwọn ẹ̀dá tí ń ṣe ènìyàn níbi. Ṣùgbọ́n ejò inú ilé ní òfin tirẹ̀. Abdullahi ọmọ Umar a máa pa gbogbo ejò tí ó bá rí, títí Abu Lubaba fi sọ fún un pé Ànábì (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) ti kọ̀ fún wa láti pa ejò inú ilé. Ó sì jáwọ́. Oríṣi méjì ni a yọ sílẹ̀, èyí tí ìrù rẹ̀ kúrú àti èyí tí ó ní ìlà funfun méjì lẹ́yìn, nítorí ibi tí a mọ̀ mọ́ wọn.

Abu Saʿid al-Khudri sọ ìtàn ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbéyàwó nígbà ogun Khandaq. Ó gba àyè kúrò lójú ogun, ó dé ilé, ó bá ìyàwó rẹ̀ ní ẹnu ọ̀nà. Owú mú un, ó na ọ̀kọ̀ sí obìnrin náà. Ìyàwó ní kí ó kọ́kọ́ wọlé wo ohun tí ó lé òun jáde. Ejò ńlá ni ó bá tí ó ká jọ lórí ibùsùn. Ó gún un, ejò náà sì já lé e, a kò sì mọ èwo nínú àwọn méjèèjì ni ó kọ́kọ́ kú. Níbẹ̀ ni Ànábì ti sọ pé àwọn àlùjànnú kan wà ní Mọdínà tí wọ́n ti gba Ìsìláàmù, nítorí náà, bí a bá rí irú ejò bẹ́ẹ̀ nínú ilé, kí a kìlọ̀ fún un fún ọjọ́ mẹ́ta. Bí ó bá tún fara hàn lẹ́yìn náà, a lè pa á. Àwọn onímọ̀ kan ní Mọdínà nìkan ni òfin náà wà fún, àwọn mìíràn ní gbogbo ilé Mùsùlùmí ni. Èyí tí ó wù kí a tẹ̀lé, ẹ wo ẹ̀kọ́ inú rẹ̀: ìkìlọ̀ ni ó ṣáájú, ọ̀kọ̀ ni ó tẹ̀lé e. Ẹ sì ṣàkíyèsí pé ọ̀kọ̀ tí ó yára sí ejò, ìyàwó ilé ni ó kọ́kọ́ yára sí.

Ìtàn kẹta ni ti ihò àpáta ní Minā, lọ́jọ́ tí Súrà Mursalāt sọ̀ kalẹ̀. Ejò kan já jáde, àwọn sàhábà sáré tẹ̀ lé e láti pa á, ó sì bọ́ mọ́ wọn lọ́wọ́. Ọ̀rọ̀ tí Ànábì sọ fún wọn ni pé a ti gba ejò náà lọ́wọ́ ibi tiwọn, gẹ́gẹ́ bí a ti gbà wọ́n lọ́wọ́ ibi tirẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a ro èyí dáadáa. Lójú ejò, àwa náà ni ibi.

ÀṢEJÙ APÁ KEJÌ

Ẹnì kan lè sọ pé: bí a bá ń ṣàánú ejò báyìí, ṣé a kò ní fẹ́rẹ̀ẹ́ máa bọ ọ́? Ìbéèrè gidi ni, ìdáhùn rẹ̀ kò sì jìnnà sí wa. Bí a bá gba Badagry kọjá ẹnubodè Sẹ̀mẹ̀, tí a kọjá Kutọnu, a ó dé Ouidah ní orílẹ̀-èdè Benin. Níbẹ̀ ni ilé òrìṣà àwọn ere wà, tí ó dojú kọ ṣọ́ọ̀ṣì ńlá àwọn Àgùdà. Ere kékeré ni wọ́n, tí kì í sábà gùn ju mítà kan ààbọ̀ lọ. Wọn kò lóró, bí ẹ̀rù bá sì bà wọ́n, ńṣe ni wọ́n ń ká jọ róbótó tí wọ́n á fi orí pamọ́ sáàárín. Wọn a máa jáde lóru lọ wá eku, wọn a sì máa wọ ilé onílé. Onílé kò ní pariwo. Yóò rọra gbé àlejò rẹ̀, yóò dá a padà síbi tí ó ti wá. Ọmọ kékeré ibẹ̀ mọ ohun tí ọ̀pọ̀ àgbàlagbà Èkó kò mọ̀, pé ejò yàtọ̀ sí ejò.

Ìmọ̀ yẹn dára, kò sì yẹ kí a fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ṣùgbọ́n láyé àtijọ́, wọ́n gbé ejò ga kọjá ààyè rẹ̀. Bosman, oníṣòwò ará Họ́láńdì tí ìwé rẹ̀ jáde ní 1704, kọ ọ́ pé nígbà tí ẹlẹ́dẹ̀ kan jẹ ejò níbẹ̀ ní 1697, ọba ní kí wọ́n pa gbogbo ẹlẹ́dẹ̀ ilẹ̀ náà. Ó tún kọ ọ́ pé àwọn òyìnbó Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n pa ejò ní ibùgbé wọn láìmọ èèwọ̀ fi ẹ̀mí ara wọn dí i. Ẹ wo bí ọ̀rọ̀ ti yí padà: ẹni tí ó ń pa ejò nítorí orúkọ rẹ̀, àti ẹni tí ó ń pa ènìyàn nítorí ejò, kò sí ẹni tí ó béèrè ohun tí ẹ̀dá náà ṣe nínú wọn. Àánú kì í ṣe ìjọsìn. A kò fi ejò sílẹ̀ nítorí pé ó lágbára kan lórí wa. A fi í sílẹ̀ nítorí pé Ẹni tí ó dá a ni Ó dá wa, a ó sì jíhìn ẹ̀mí tí a gbà láìnídìí.

ÌBÉÈRÈ ÌYÁ WA

Síbẹ̀, ọ̀rọ̀ ìyá wa ṣì wà nílẹ̀, kò sì ṣeé fi ọwọ́ rọ́ sẹ́yìn. Ejò ń pa ènìyàn. Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣírò pé láàárín 81,000 àti 138,000 ènìyàn ni oró ejò ń pa lọ́dọọdún ní gbogbo ayé, ó sì ka ọ̀ràn náà mọ́ àwọn àìsàn tí a ti pa tì ní 2017. Àwọn àgbẹ̀, àwọn darandaran àti àwọn ọmọdé ni ó ń ṣe jù. Ní Kaltungo ní ìpínlẹ̀ Gombe, ilé ìwòsàn kan wà tí àwọn tí ejò bù jẹ ń wọ́ lọ láti ìpínlẹ̀ púpọ̀. Ẹni tí ó bá ń wàásù àánú ejò fún irú àwọn ènìyàn bẹ́ẹ̀ láìbá wọn wá oògùn, ẹnu lásán ni ó ń jẹ.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a wo ohun tí ó ń gba ẹ̀mí là. Bàtà tí ó bo ẹsẹ̀ lóko ń gba ẹ̀mí là. Tọ́ọ̀ṣì lóru ń gbà á là, àyíká tí ó mọ́ náà ń gbà á là. Bí ejò bá bu ènìyàn jẹ, kí a má ṣe fi abẹ gé ojú ibẹ̀, kí a má ṣe fa á lẹ́nu, kí a má ṣe fi okùn dì í pinpin. Kí ẹni náà má ṣe sáré, kí ó má ṣe mi ẹsẹ̀ tàbí ọwọ́ tí ejò bù jẹ, kí a gbé e lọ sí ilé ìwòsàn kíákíá fún oògùn tí ń pa oró. Bí oró bá ta sí ojú, omi púpọ̀ ni kí a fi ṣàn án. Nínú gbogbo èyí, kò sí ibi tí ìkórìíra ti wúlò. Ìmọ̀ ni ó ń ṣiṣẹ́. Kódà, ẹni tí ó lé ejò lọ láti pa á sábà máa ń sún mọ́ ewu ju ẹni tí ó yà fún un lọ.

Ohun mìíràn tún wà. Ibà Lassa, tí wọ́n kọ́kọ́ dá mọ̀ ní 1969 ní ìlú Lassa tí ó wà ní ìpínlẹ̀ Borno lónìí, eku ni ó ń gbé e wọ ilé. Ẹni tí ó pa gbogbo ejò tí kò lóró ní àyíká rẹ̀ ti lé ọdẹ lọ, ó fi olè sílẹ̀.

Nítorí náà, bàbá wa àti ìyá wa ni wọ́n jọ jàre. "Kí ló ṣe?" ni ìbéèrè ìdájọ́. "Kí ni ó lè ṣe?" ni ìbéèrè ìṣọ́ra. Ìṣọ́ra ní kí a dí ihò, kí a tan iná, kí a kìlọ̀, kí a sì gba ara wa lọ́wọ́ sèbé bí kò bá sí ọ̀nà mìíràn. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí a gbọ́dọ̀ dá lẹ́bi nítorí ohun tí ó lè ṣe nìkan. Bí a bá gbé ìbéèrè kejì sí ipò èkíní, gbogbo ẹ̀dá ni yóò jẹ̀bi, àwa náà pẹ̀lú.

LÁTI ORÍ EJÒ DÉ ORÍ ÈNÌYÀN

A kò fi ènìyàn wé ejò. Ọwọ́ tí ń gbé igi ni à ń wò, nítorí ọwọ́ kan náà ni. Ní ọjà tàbí ní ibùdókọ̀, ẹnì kan a kígbe "Olè!", kí ẹnikẹ́ni tó béèrè ohun tí ẹni náà ṣe, táyà ti dé, epo bẹntiróòlù ti dé. Ní oṣù kẹwàá 2012, ní abúlé Aluu ní ìpínlẹ̀ Rivers, báyìí ni èrò ṣe pa akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́rin ti Yunifásítì Port Harcourt. Nígbà tí ilé ẹjọ́ dájọ́ fún díẹ̀ nínú àwọn tí ó lọ́wọ́ sí i ní 2017, àwọn ọmọ náà ti wà nínú ilẹ̀ láti nǹkan bí ọdún márùn-ún. Orúkọ kan ṣoṣo ni wọ́n pè wọ́n, orúkọ náà ni ó sì pa wọ́n.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ ó rí irú rẹ̀ lójoojúmọ́ bí kò tilẹ̀ sí táyà níbẹ̀: ọmọ ẹ̀yà kan tí a kọ̀ láti gbà sílé nítorí ẹ̀yà rẹ̀, ọmọkùnrin tí a pè ní ọmọ ìta nítorí irun orí rẹ̀, ọmọbìnrin tí a sọ̀rọ̀ rẹ̀ láìdáa nítorí ibi tí a ti rí i. Níbikíbi tí ẹ bá ti bá ọwọ́ tí ó ti gòkè, ẹ béèrè ìbéèrè kékeré yìí: Kí ló ṣe? Bí èsì bá wà, kí ẹ gbé e lọ síwájú ẹni tí ó lẹ́tọ̀ọ́ láti dájọ́. Bí èsì kò bá sí, kí ọwọ́ náà sọ̀ kalẹ̀. Ẹni tí ó bá fẹ́ kọ́ ọ̀rọ̀ yìí, kí ó kọ́kọ́ fi ejò inú àjà rẹ̀ kọ́ ọ. Níbẹ̀ ni ó ti ṣòro jù.

Kí Ọlọ́hun Ọba Aláàánú jẹ́ kí àánú wà nínú ọgbọ́n wa, kí Ó jẹ́ kí ọgbọ́n wà nínú àánú wa, kí Ó sì ṣọ́ wa lọ́wọ́ ibi gbogbo ẹ̀dá, kí Ó ṣọ́ àwọn ẹ̀dá náà lọ́wọ́ ibi tiwa. Àmín.